Orúkọ Tí Ẹ̀rọ Kò Rí

Ìgbà kẹta rèé tí Àbẹ̀ní ń gun àtẹ̀gùn ilé yẹn, ìgbà kẹta rèé tí wọ́n fẹ́ sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ kò sí. Wọn ò ní ó kú o. Bí wọ́n bá ní ó kú, obìnrin náà á mọ irú ẹkún tí yóò sun. Wọ́n ní kò sí nínú ẹ̀rọ ni.

Hanoukopé ni ilé náà wà, lókè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti tì pa láti oṣù Kọkànlá, nígbà tí gbogbo Lomé dáṣẹ́ sílẹ̀. Yàrá méjì péré ni. Ìgbìmọ̀ kan tó ń wá àwọn tí sójà kó lọ ló gbà á, wọ́n sì gbé kọ̀ǹpútà kan síbẹ̀, tí wọ́n máa ń faṣọ bò bí ìyàwó tuntun. Ẹnikẹ́ni tó bá fojú ara rẹ̀ rí ẹni tí wọ́n mú, á wá sọ ọ́ níbẹ̀, wọn á yí i sí Faransé, wọn á tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Nígbà tí oṣù Kejì ọdún 1993 fi máa dé ìdajì, ẹ̀rí tó wà níbẹ̀ ti di irínwó ó lé méjìlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú fáìlì tirẹ̀.

Akínọlá ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà náà. Ọmọ Ìbàdàn ni, kò tíì pé ọdún méjì tó dé Lomé. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n, ìyẹn gan-an ni àrùn tó ń ṣe é. Ó ní irinṣẹ́ kan nínú ẹ̀rọ náà tó máa ń wá ọ̀rọ̀. Tó bá ti tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí i, irinṣẹ́ náà á wọ inú fáìlì kọ̀ọ̀kan lọ, á yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè délẹ̀, á sì sọ iye fáìlì tó ti rí i. Bí kò bá rí i rárá, á kọ ọ̀rọ̀ Faransé kan sójú: Aucun. Kò sí ọ̀kankan. Àbẹ̀ní kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ti dá lẹ́tà márùn-ún yẹn mọ̀. Kò sí ohun tó tún kórìíra tó o láyé.

"Bonjour, Ìyá. Ẹ ǹlẹ́ mà, ṣé ẹ jí dáadáa?"

"Mo jí dáadáa. Ọmọ mi ni mi ò mọ ibi tó jí sí. Wá a."

"Ìyá, a ti wá a lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

"Wá a lónìí."

Akínọlá tẹ orúkọ ọmọ náà, Rídúwánù. Ẹ̀rọ náà ń kùn, iná pupa kékeré kan ń ṣẹ́jú lára rẹ̀, fáìlì ń kọjá lójú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Aucun. Ó tẹ orúkọ bàbá rẹ̀. Aucun.

"Ẹ wò ó, Ìyá, ẹ̀rọ kì í purọ́. Tó bá wà níbẹ̀, á rí i."

Ẹ̀rọ kì í purọ́! Bí ẹni pé kì í ṣe ọmọ ènìyàn ló tẹ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ síbẹ̀. Àbẹ̀ní ti ń ta òwú àti bọ́tìnì lọ́jà ńlá láti ìgbà tí àwọn Faransé ṣì ń jọba, ó sì mọ̀ pé ohun tí èèyàn bá kó sínú àpótí ni yóò bá níbẹ̀. Ara bù ú máṣọ, ṣùgbọ́n ó jókòó. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ ò ní í tán léèékánná.

Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ mú Rídúwánù kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni, iṣẹ́ wẹ́dà ló ń ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, òun àti àwọn mẹ́rin kan pagbo yí rédíò kan ká ní ìkòríta, wọ́n ń gbọ́ ìròyìn ìyanṣẹ́lódì. Sójà dé, wọ́n kó rédíò, wọ́n sì kó àwọn tó ń gbọ́ ọ. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn kò ju pé wọ́n létí lọ.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù náà, Ìsìlámíyátù sáré wọlé, igbá búrẹ́dì ṣì wà lórí rẹ̀. Òun ni ìyàwó Mùkáílà, ẹ̀gbọ́n Rídúwánù. Búrẹ́dì ló máa ń kiri lẹ́bàá bárékè, àwọn sójà sì pè é wọlé lọ́jọ́ náà pé kó wá tà fáwọn. Inú ọgbà níbẹ̀ ló ti rí àbúrò ọkọ rẹ̀ láàyè. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sí ọ́fíìsì ìgbìmọ̀, ó rò ó, wọ́n tẹ̀ ẹ́ níṣojú rẹ̀, ó sì wá sọ fún Àbẹ̀ní pé ó ti parí.

Ó parí lóòótọ́. Nígbà tí ìbọn dún láàárín ìlú ní ìparí oṣù Kìíní, tí àwọn èèyàn ń gbé ẹní àti ìkòkò gba ọ̀nà Ghana àti ọ̀nà Cotonou lọ, Mùkáílà kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Cotonou. Àbẹ̀ní ní òun ò lọ síbì kankan. Ta ni Rídúwánù máa bá nílé tó bá dé? Precious, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tó gba ẹ̀rí Ìsìlámíyátù sílẹ̀, náà sá lọ, ó sì gbé ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí sí dání kó má baà bọ́ sọ́wọ́ sójà. Nínú ẹ̀rọ, nọ́ńbà ni ẹlẹ́rìí ń jẹ́. Kò sí bí a ṣe lè wá Ìsìlámíyátù níbẹ̀. Rídúwánù nìkan ló kù láti wá, Rídúwánù sì ti di Aucun.

Ohun tí Àbẹ̀ní ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kejì tí ẹ̀rọ tún ní Aucun, kò dáa, kò sì sí bí a ó ṣe bò ó mọ́lẹ̀. Ó rán awakọ̀ kan sí Mùkáílà ní Cotonou: "Bi ìyàwó rẹ léèrè ibi tó lọ lọ́jọ́ tó ní òun lọ jẹ́rìí. Ọ́fíìsì ò rí i o." Ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹ̀rù ló ba obìnrin náà, kò dé ibẹ̀, ó wá fi irọ́ bo ojú òun.

Ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ ni òní. Lọ́la, ọjọ́ Jímọ̀, àwọn agbẹjọ́rò méjì tó ti òkèèrè wá yóò wọ bárékè náà, wọn yóò sì béèrè àwọn ènìyàn lórúkọ. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí lórí ìwé wọn, kò sẹ́ni tí yóò béèrè rẹ̀. Ìwé náà yóò sì di títì ní aago méjìlá ọ̀sán.

Monique ló ń kó ìwé náà jọ. Agbẹjọ́rò ni, ọmọ Mina, òun ni olórí ìgbìmọ̀. Ó ti inú yàrá kejì yọjú, gíláàsì rẹ̀ wà lórí irun.

"Maman, ẹ káàárọ̀. Ṣé wọ́n ti rí i?"

"Ẹ fi orúkọ ọmọ mi sórí ìwé," Àbẹ̀ní dáhùn ní èdè Mina. "Mo ti ṣàlàyé tó."

"Maman, mi ò lè ṣe é. Láìsí ẹ̀rí, mi ò lè kọ ọ́. Àwọn ọ̀gá sójà ti ń sọ ọ́ kiri pé ńṣe là ń hùmọ̀ àwọn tó sọnù. Bí mo bá kọ ẹnì kan láìsí ẹ̀rí, wọ́n á fi ìyẹn fagi lé gbogbo àwọn yòókù."

Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání, ìyẹn ló sì mú un dun Àbẹ̀ní jù. Ó rọrùn láti bá òmùgọ̀ jà. Kí lèèyàn fẹ́ fi bá ẹni tó ń sọ òótọ́ jà, nígbà tí òótọ́ rẹ̀ fẹ́ pa ọmọ ẹni?

Ó yíjú sí Akínọlá. "Tẹ Hanoukopé."

Akínọlá tẹ̀ ẹ́. Fáìlì mọ́kànléláàádóje.

"Tẹ búrẹ́dì lédè wọn."

Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Búrẹ́dì ni wọ́n ń fún àwọn tí wọ́n tì mọ́lé jẹ, gbogbo ẹni tó jáde ló ń ráhùn nípa rẹ̀.

"Ó dáa. Bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n fún mi."

"Ìyá! Aago mọ́kànlá ti lù. Àwọn mẹ́fà wà lórí àtẹ̀gùn tí wọ́n ń dúró. Tí mo bá ní kí n máa kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wa níbí. Ìdí tá a fi ní irinṣẹ́ yìí nìyẹn, ká má baà máa kàwé."

Ká má baà máa kàwé! Ọ̀rọ̀ yìí ló já okùn sùúrù Àbẹ̀ní. Ó dìde, ó so gèlè rẹ̀ mọ́ ìbàdí.

"O ò fẹ́ kàwé? Ta ló wá bẹ̀ ọ́ níṣẹ́? Ìyàwó ọmọ mi rìn wá síbí lójú ìbọn, ó jókòó sórí àga yìí, ó sọ ohun tó lè gbẹ̀mí rẹ̀ fún yín, ẹ wá jókòó ti àpótí onínáà yìí, ẹ ní ẹ ò rí i! Ẹ sọ mí di ẹni tó ń bá ìyàwó ilé rẹ̀ jà! Mo ti pè é ní òpùrọ́ nítorí tiyín! Obìnrin tó wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú omi lójú, tó ní, 'Ìyá, ẹ má sunkún mọ́, mo rí Dúdúyẹmí, ó ń fọ ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wú, ó ní kí n sọ fún yín…'"

Akínọlá gbójú sókè. "Ìyá, ta ni Dúdúyẹmí?"

"Rídúwánù ni. Ta ni ì bá tún jẹ́?"

Àbẹ̀ní gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde, ó sì padà jókòó wọ̀ọ̀.

Ìyàwó ilé kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́, tí wọ́n bá ti bí i kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ rẹ̀ ni. Orúkọ tí ìyàwó bá fẹ́ máa pè é, yóò wò ó lójú, yóò sì fún un. Ọmọ ọdún méjìlá ni Rídúwánù nígbà tí wọ́n gbé Ìsìlámíyátù wọlé, ó dúdú, ó ń dán, lọ́jọ́ náà ló sì ti sọ ọ́ ní Dúdúyẹmí. Ọdún kẹsàn-án rèé, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kò bọ́ lẹ́nu obìnrin náà rí. Àbẹ̀ní fúnra rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ nílé ọkọ tirẹ̀: Ìdúróṣọmọ ló ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, ọjọ́ tí wọ́n sin ín ló tó gbọ́ ohun tí wọ́n kọ sínú káàdì rẹ̀. Bó ṣe mọ́ ọn létí nìyí tí kò fi rò ó. Lójú tirẹ̀, Dúdúyẹmí àti Rídúwánù, ẹnì kan náà ni, bí ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì ṣe jẹ́ ti ẹnì kan náà. Ìsìlámíyátù tí sójà kò bà lẹ́rù, tó rìn wọ ọ́fíìsì yìí láti jẹ́rìí, kò jẹ́ pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ nítorí ọ́fíìsì. Precious tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ kì í sì í ṣe ọmọ Yorùbá. Yorùbá ìgboro ló gbọ́. Ó béèrè orúkọ, wọ́n fún un lórúkọ, ó kọ ọ́.

Akínọlá ti ń tẹ̀ ẹ́. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni sọ fún un.

Iná pupa náà ṣẹ́jú, ṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà yọ. Méjì.

Ó ṣí àkọ́kọ́, ó sì ń yí i padà sí Yorùbá bó ṣe ń kà á, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. "'Mo gbé búrẹ́dì wọ bárékè ní ọjọ́ kẹrìndínlógún. Mo rí àwọn mẹ́ta tí wọ́n ń fọ ọkọ̀ sójà. Ọ̀kan nínú wọn ni Dúdúyẹmí, àbúrò ọkọ mi, tí a jọ ń gbé ní Hanoukopé. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wú, ó fi àkísà dì í. Ó wò mí, ó ní: Ìyàwó, sọ fún ìyá mi pé mo wà láàyè.'"

Àbẹ̀ní kò sunkún. "Ó sọ ọ́," ni gbogbo ohun tó ń wí. "Ọmọbìnrin yìí sọ ọ́. Gbogbo rẹ̀ ló sọ."

"O ní méjì ni," ó sọ nígbà tó yá. "Èkejì ńkọ́?"

Akínọlá kò fẹ́ ṣí i. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ó ti mọ ohun tó jẹ́. Monique ti súnmọ́ wọn, ó sì dúró sẹ́yìn àga. Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

"Ṣí i," Àbẹ̀ní wí.

Ìwé ni, irú èyí tí wọ́n fẹ́ tì ní ọ̀sán yìí gan-an. Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kìíní ni wọ́n kọ ọ́. Ìgbìmọ̀ ti mú ìwé náà lọ sí bárékè nígbà náà, orúkọ mẹ́jọ ló wà lórí rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan ni èsì tí ọ̀gá bárékè fún wọn wà. Márùn-ún wà níbẹ̀. Wọ́n sì dá àwọn márààrún sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ti gbé méjì lọ sí ibòmíràn. Orúkọ kẹjọ ni Dúdúyẹmí. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Inconnu, Ìyá." Akínọlá fi ìka tọ́ka sí i. "Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n."

"Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹ wá ṣe kí ni?"

Monique ló dáhùn. "Wọn kò jẹ́ ká kọjá ọ́fíìsì wọn, Maman. Wọ́n yẹ ìwé wọn wò, a yẹ tiwa wò. Orúkọ náà kò sí nínú ìwé wọn. A fọwọ́ sí i."

"Ẹ fọwọ́ sí i." Àbẹ̀ní yí ojú sí Akínọlá. "Ìwọ ńkọ́? Ta ló tẹ ìwé yẹn?"

"Èmi ni, mà."

"Ọmọ Yorùbá ni ọ́, àbí ibo ni wọ́n ti bí ọ? Kò sí ìyàwó nílé yín? Kí ni wọ́n ń pè ọ́ nílé bàbá rẹ?"

Akínọlá dojú bolẹ̀. "Akọ̀wé ni wọ́n ń pè mí, mà. Mo tẹ̀ ẹ́ ni, mi ò kà á. Mo rò pé orúkọ bàbá ẹnì kan ni."

"O tẹ̀ ẹ́, o ò kà á! Ọmọ mi wà lẹ́yìn ògiri, ó ń fọ ọkọ̀, ẹ jókòó sí ọ́fíìsì, ẹ ń fi ìwé yẹ ìwé wò! Bí ẹ bá pe Dúdúyẹmí lẹ́ẹ̀kan péré láti ojú fèrèsé, á dá yín lóhùn! Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹnì kan nínú yín ò ní ẹnu?"

Àwọn tó wà lórí àtẹ̀gùn ti yọrí wọlé, wọ́n ń wo agbẹjọ́rò tó dúró bí ọmọ tó fọ́ àwo. Níkẹyìn, Monique fa ìwé tuntun náà sọ́dọ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ Rídúwánù sí i, ó sì kọ Dúdúyẹmí tẹ̀ lé e. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kí aago méjìlá lù.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Rídúwánù jáde. Àwọn méjì ló fi èjìká gbé e. Orúkọ Rídúwánù wà nínú ìwé àwọn sójà, gbangba gbàǹgbà, láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un wọlé. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti dúdú kọjá àwọ̀ ara rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì ti ṣáájú rẹ̀ dé ẹnu géètì. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ní ilé ìwòsàn, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà láti ọrùn ẹsẹ̀. Dókítà ní ká dúpẹ́ pé ẹ̀mí rẹ̀ kò bá a lọ. Àbẹ̀ní ní òun ti dúpẹ́, ṣùgbọ́n kí dókítà dákun sọ òótọ́ kan fún òun: bí wọ́n bá gbé e wá ní àárín oṣù Kìíní ńkọ́? Dókítà yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún pẹ́, ó ní ẹsẹ̀ náà ì bá ṣeé gbà là.

Ohun àkọ́kọ́ tí Rídúwánù béèrè nígbà tó lajú ni ìyàwó. "Ìyàwó ńkọ́? Ṣé ó jíṣẹ́ tí mo rán an?"

"Ó jẹ́ ẹ," Àbẹ̀ní dáhùn, kò sì lè wojú ọmọ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló wá awakọ̀ tó ń lọ sí Cotonou, ó ní kó sọ fún Ìsìlámíyátù pé òun ti jẹ̀bi, kó fi orí jin òun, òun yóò sì fi ẹnu ara òun sọ ọ́ níwájú gbogbo ilé.

Lọ́jọ́ Ajé, ó tún gun àtẹ̀gùn Hanoukopé. Bí Akínọlá ṣe rí i, ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì. Monique jáde láti yàrá kejì, ó ní, "Akpé ná Máwu, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, Maman, a gbọ́ pé ó ti jáde."

"Ó jáde," Àbẹ̀ní wí. "Kò jáde tán. Dìde, Akọ̀wé. Mo wá jẹ́rìí."

Ó jókòó sórí àga tí Ìsìlámíyátù jókòó sí. Ó ní kó kọ ọjọ́ tí wọ́n mú ọmọ òun, kó kọ ti rédíò, kó kọ ti ẹsẹ̀. Akínọlá ń tẹ̀ ẹ́. Ó ní kó kọ pé ìgbìmọ̀ yìí ní ẹ̀rí náà lọ́wọ́ fún oṣù méjì, wọ́n sì lé ìyá rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mejì. Akínọlá dáwọ́ dúró, ó wo Monique.

"Maman, àwọn sójà á fi èyí bú wa," Monique sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Ṣé irọ́ ni?"

"Kì í ṣe irọ́."

"Ẹ̀yin náà lẹ ní ohun tí èèyàn bá fojú rẹ̀ rí ni ẹ̀rí. Ojú mi ni mo fi rí i."

Monique mi orí sí Akínọlá pé kó kọ ọ́. Ó kọ ọ́ tán, ó sì béèrè ohun tó máa ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹlẹ́rìí.

"Nọ́ńbà tó kàn ni irínwó ó lé mẹ́tàlá, Ìyá. Ṣé kí n fi sí orí rẹ̀?"

"Èmi kì í ṣe nọ́ńbà. Kọ Àbẹ̀ní. Kọ ìyá Mùkáílà, kọ ìyá Rídúwánù, kọ Ìyá Olówùú, bí wọ́n ṣe ń pè mí lọ́jà. Orúkọ tí àwọn ìyàwó ilé mi ń pè mí náà, kọ ọ́ síbẹ̀. Ìyá Àgbà ni."

"Ìyá, bí sójà bá wá gba ẹ̀rọ yìí lọ́wọ́ wa ńkọ́? Wọ́n á tẹ orúkọ yín, wọ́n á rí yín."

"Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́," Àbẹ̀ní wí. "Kí àwọn náà wá ẹnì kan, kí wọ́n sì rí i."

Akínọlá tẹ gbogbo orúkọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà wọ́n sókè bó ṣe ń tẹ̀ wọ́n.